Kànga Tó Gbẹ: Ṣé Omi Ló Tán Ni, Àbí Iyẹ̀pẹ̀ Ló Kún Un?



Nínú oṣù kejì ọdún yìí, kànga tó wà ní abà màmá wa àgbà gbẹ débi pé ẹrẹ̀ ni rọ́bà ń fà jáde. Bàbá mi ní kí á pe àwọn agbẹ́kànga kíá, kí wọ́n wá gbẹ́ ẹ sí i. Màmá àgbà ní kí á dúró ná: ṣé omi ló tán ni, àbí iyẹ̀pẹ̀ ló kún un?

Bí a ṣe wò ó rèé. A so òkúta mọ́ okùn, a sọ ọ́ kalẹ̀ títí ó fi kan ìsàlẹ̀, a fà á jáde, a sì fi téèpù wọn okùn náà. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 19. Ibi tó tutù nídìí okùn kò ju ẹsẹ̀ bàtà 1 lọ. Bẹ́ẹ̀ Màmá rántí pé 24 ni wọ́n gbẹ́ ẹ nígbà ayé bàbá àgbà. A jẹ́ pé ẹsẹ̀ bàtà 5 ti di iyẹ̀pẹ̀! Ẹ̀gbẹ́ kànga tí kò ní ríìngì ló ń ya lulẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kànga náà fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 3. Ẹ fi ìṣirò tí àwọn kan máa ń sùn sí ní kíláàsì wò ó (èmi kọ́ o, tíṣà): omi ẹsẹ̀ bàtà 1 níbẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi lítà 200, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 mẹ́jọ. Fún èèyàn mẹ́sàn-án àti ewúrẹ́, kò lè tó.

A tún gbọ́n omi rẹ̀ tán lálẹ́, a sì yọjú wò ó láàárọ̀. Bí omi bá padà, ìsun ṣì wà láàyè. Tiwa padà, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni. Kíkó iyẹ̀pẹ̀ nìkan kò ní tó, a ní láti wọlẹ̀ sí i. Ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ló sì dára jù fún un, nígbà tí omi ilẹ̀ ti lọ sílẹ̀ pátápátá. Ẹni tó bá gbẹ́ ẹ nígbà òjò á tètè rí omi, á sì dúró. Tó bá di oṣù kejì, ẹrẹ̀ ló máa fà.

Ibi tí ẹ̀rù ti bà mí rèé. Àwọn agbẹ́kànga kọ́kọ́ sọ àtùpà tó ń jó kalẹ̀. Bí àtùpà bá kú, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò dára, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Tiwa kò kú. Ṣùgbọ́n nígbà tí omi ń dí wọn lọ́wọ́, wọ́n ní àwọn fẹ́ sọ ẹ̀rọ afami tó ń lo pẹtiróòlù sínú kànga. Mo rántí ohun tí a kọ́ nínú Kẹ́mísírì: èéfín ẹ́ńjìnnì ní carbon monoxide nínú. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì lè pa èèyàn kí àtùpà ṣì máa jó. Mi ò lè dá àgbà lẹ́kun, ni mo bá lọ sọ ọ́ sétí Màmá. Wọ́n dìde: "Ẹnikẹ́ni ò ní tan ẹ́ńjìnnì nínú kànga mi!" Rọ́bà ni wọ́n fi gbọ́n ọn. Ọjọ́ méjì ló fi kún iṣẹ́ náà, bàbá mi sì kùn.

Okùn tún gbọ́dọ̀ wà lára ẹni tó ń wọlẹ̀, kí àwọn tó wà lókè lè fà á. Bó bá dákú, ẹ má bẹ́ sínú rẹ̀ láti gbà á. Ohun tó mú un ló máa mú ẹ̀yin náà.

Wọ́n kó iyẹ̀pẹ̀ tán, wọ́n gbẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3 kún un kí wọ́n tó kan àpáta, níbi tí dígà ò ti ràn án mọ́. Wọ́n to ríìngì sí ìsàlẹ̀ kó má baà tún ya. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a sọ òkúta wa kalẹ̀: ibi tó tutù lára okùn ti di ẹsẹ̀ bàtà 4. Ìdérí rẹ̀ ló kù. Káfíńtà ṣì ń sọ pé ọ̀la.