Ìpìlẹ̀ kan, fóònù rẹpẹtẹ: ta ló jèrè, ta ló fara gbá a?

Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọ ẹ́sítéètì Jakande tó wà ní Òkè-Afa, n'Ìsọlọ̀, lè ṣìnà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nítorí pé àwọn ilé náà jọra bí ìbejì. Nígbà tí Alhaji Lateef Jakande ń ṣe gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó láàárín ọdún 1979 sí 1983, ilé olówó pọ́ọ́kú nìjọba rẹ̀ ń kọ́ fún àwọn mẹ̀kúnnù. Bí ilé bá jọra báyìí, bíríkìlà tó bá ti kọ́ ọ̀kan ti mọ bí yóò ṣe kọ́ ìyókù, púlọ́ńbà tó bá tún páìpù ṣe níhìn-ín kò ní í máa wá ojú omi kiri lọ́hùn-ún. Ọ̀dà tó wu kálukú ló kù tí yóò fi kun tirẹ̀.

Ọgbọ́n yìí kan náà ni àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ìgbàlódé ń lò. Inú fóònù àti kọ̀ǹpútà ni sọ́fítíwíà wà, ìyẹn àwọn àṣẹ tí wọ́n kọ sínú ẹ̀rọ pé ohun báyìí ni kó ṣe. Kò ṣeé fọwọ́ kàn, ṣùgbọ́n owó kékeré kọ́ ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Dípò kí iléeṣẹ́ máa kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á kọ ìpìlẹ̀ kan tí gbogbo wọn yóò jọ máa lò, wọ́n á sì ti pinnu ṣáájú ibi tí ọ̀kan lè gbà yàtọ̀ sí èkejì. Software product line ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ìdílé sọ́fítíwíà ni ká pè é níhìn-ín.

Iléeṣẹ́ Nokia ti orílẹ̀-èdè Finland wà lára àwọn tó jèrè rẹ̀ jù. Fóònù tuntun bíi 4 péré ni wọ́n ń gbé jáde lọ́dún tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìlànà yìí sọ ọ́ di 25 sí 30.

Ohun tó kan àwọn àgbà wa nìyí. Oṣù Kẹjọ ọdún 2001 ni GSM dé Nàìjíríà. Ìyá àgbà tó fi Nokia 3310 kọ́ bí wọ́n ṣe ń wá orúkọ ọmọ rẹ̀ kò nílò kí ọmọ-ọmọ tún jókòó tì í nígbà tó ra Nokia 1100, èyí tó jáde lọ́dún 2003, tó ní tọ́ọ̀ṣì tó wúlò gan-an nígbà tí NEPA bá mú iná lọ. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà lo méjèèjì. Atúnfóònùṣe náà kò ní í kọ́ iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, oníṣòwò sì lè fi bátìrì BL-5C kan ṣoṣo dá oríṣiríṣi oníbàárà lóhùn.

Àmọ́ bátìrì yìí kan náà ló fi ewu ibẹ̀ hàn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2007, Nokia kéde pé bíi mílíọ̀nù 46 nínú BL-5C tí iléeṣẹ́ Matsushita ti Japan ṣe lè gbóná kọjá ààlà tí wọ́n bá ń gba iná sí i. Òótọ́ ni pé bátìrì kì í ṣe sọ́fítíwíà, ṣùgbọ́n bákan náà ló ń rí: àṣìṣe tó bá wọ inú ohun tí gbogbo ìdílé jọ ń lò, gbogbo ilé ló wọ̀.

Ìpìlẹ̀ a sì máa gbó. Nígbà tí ti Nokia, tí wọ́n ń pè ní Symbian, kò bá ayé mu mọ́, iléeṣẹ́ náà kéde lọ́dún 2011 pé Windows ti Microsoft làwọn ń bọ̀ sí. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2014, Microsoft gba iṣẹ́ fóònù náà lọ́wọ́ wọn. Kò ju oṣù mẹ́ta lọ tí wọ́n fi kéde pé èèyàn 18,000 yóò kúrò lẹ́nu iṣẹ́, bíi 12,500 nínú wọn sì jẹ́ ti ẹ̀ka tó wá láti Nokia. 

Lóde òní, Tecno, Itel àti Infinix ló kún ìgbá àwọn oníṣòwò. Orúkọ mẹ́ta ni, ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ kan ṣoṣo, Transsion ti ilẹ̀ Ṣáínà, ló ni wọ́n. Kí olùrà tó ka owó sílẹ̀, ó yẹ kó bi oníṣòwò léèrè pé ọdún mélòó ni iléeṣẹ́ yóò fi máa fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí sọ́fítíwíà inú fóònù tó fẹ́ rà. Wọ́n máa ń kọ bí kámẹ́rà ṣe lágbára tó gàdàgbà sára páálí. Èyí ṣọ̀wọ́n níbẹ̀.