Ọ̀rọ̀-Ìṣe "Carry" Nínú Aáyan Ògbufọ̀: Gbé, Rù, Pọ̀n, Mú àti Kó

Àṣìṣe kan tí àwa fúnra wa ṣe ni ó mú wa kọ àpilẹ̀kọ yìí. Nígbà kan tí a ń yẹ ìwé ìdánwò ògbufọ̀ wò, gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan sọ nípa ìyá tí ó "carry" ọmọ rẹ̀ sí ẹ̀yìn lọ sí ọjà. "Gbé ọmọ rẹ̀ sí ẹ̀yìn" ni ó wà nínú ìlànà ìdáhùn tí a fún wa. Akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ ọ́ pé: "Ìyá náà pọn ọmọ rẹ̀ lọ sí ọjà." A gba máàkì lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ náà ni ó gbọ́ Yorùbá. Àwa olùyẹ̀wò ni a kò gbọ́.

Gẹ̀ẹ́sì kì í sábà bìkítà nípa ibi tí ẹrù wà lára ẹni. "Carry" kan náà ni. Ní ti Yorùbá, a ó kọ́kọ́ mọ ohun mẹ́ta: irú nǹkan tí ó jẹ́, iye rẹ̀, àti ibi tí a gbé e sí lára. Ẹ jẹ́ kí a wo ìyá ìbejì kan tí ó ń ti ọjà bọ̀ ní Ìgbó-Ọrà, ìlú tí a mọ̀ mọ́ ìbejì ní Ìbàràpá:

1. Ó pọn Táyé.
2. Ó gbé Kẹ́hìndé lọ́wọ́.
3. Ó ru apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gúsí.
4. Ó mú agbòjò dání.
5. Ọkọ rẹ̀ kó iṣu tẹ̀lé e.

"Carry" ni gbogbo máràrùn-ún. Ṣùgbọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ "*Ó ru Táyé", ẹni tí ó kà á yóò rò pé orí ni ìyá náà gbé ọmọ lé. Bí ó bá sì kọ "gbé" dípò "kó" ní (5), iṣu kan ṣoṣo ni a ó rò pé ó wà lọ́wọ́ ọkọ.

Ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ ohùn pẹ̀lú. Ohùn ìsàlẹ̀ ni rù àti pọ̀n ní. Bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá jẹ́ àbọ̀ wọn, ohùn àárín ni wọn yóò gbà: ru igi, pọn ọmọ. Bí ó bá jẹ́ arọ́pò-orúkọ, ohùn ìsàlẹ̀ kò yí padà: rù ú, pọ̀n ọ́n. Gbé, mú àti kó, tí wọ́n jẹ́ olóhùn òkè, kì í yí padà: gbé ọmọ, gbé e.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, kò sí ẹrù rárá. Obìnrin tí ó ń "carry" ọmọ nínú, ó lóyún ni. Ẹ̀fọn tí ó ń "carry" ibà, ó ń kó ibà ran ènìyàn ni. Àbá tí ìpàdé "carry", wọ́n fọwọ́ sí i ni. Mọ́tò tí ó ń "carry" èrò láti Èrúwà lọ sí Ìbàdàn, ó ń kó èrò ni.

Àbá wa fún ẹ̀yin olùdánwò ẹlẹgbẹ́ wa ni pé kí ìlànà ìdáhùn má ṣe dúró lórí ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo. Kí ẹni tí ó ń ṣe ìbéèrè jẹ́ kí ibi tí ẹrù wà hàn gbangba. Ẹni tí ó bá sì lo ọ̀rọ̀ tí ó bá ibẹ̀ mu, kí a fún un ní máàkì rẹ̀, ìbáà má sí nínú ìwé tí a há fún wa.