Nígbà Tí Ọmọ Bá Ti Ọsibítù Dé

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kan ọ̀pọ̀ ìdílé láàárín àwa Yorùbá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, àmọ́ abẹ́lẹ̀ la ti máa ń sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ọmọ tó ní àìsàn síkùlù sẹ́ẹ̀lì ni, èyí tí àwọn ará ilé ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Ìrora gbé ọmọ náà dé ọsibítù, wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n fún un ní oògùn tó lágbára, bóyá wọ́n tilẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ sí i. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, dókítà ní kí wọ́n máa mú un lọ sílé. Inú gbogbo wa á dùn, a ó sì dúpẹ́.

Ọpẹ́ yẹ ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ni wọ́n dá sílẹ̀, àìsàn ṣì wà níbẹ̀. Iṣẹ́ tí àwọn nọ́ọ̀sì ń gbà fún ara wọn ṣe lọ́sàn-án àti lóru ti di iṣẹ́ ará ilé. Ohun tí a sì máa ń rí nínú àwọn ilé tí a ń bẹ̀ wò ni pé ìyá nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣe. Bí ìyá bá lọ síbi iṣẹ́ alẹ́, tí ara ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, bàbá á máa wá ibi tí tẹmómítà wà, ẹ̀gbọ́n á máa pe fóònù tí ìyá kò lè gbé lẹ́nu iṣẹ́. Àkókò tó bá lọ báyẹn kò ṣeé rà padà. Ìdí nìyí tí a fi ń bẹ̀ yín: ohun tí ìyá bá mọ̀ nípa ìtọ́jú ọmọ yìí, kí gbogbo ilé mọ̀ ọ́n.

Kí ẹ tó kúrò ní wọ́ọ̀dù

Ẹ má fi ayọ̀ sá jáde. Ẹ gba lẹ́tà tó sọ ohun tí wọ́n ṣe fún ọmọ, ẹ gba oògùn rẹ̀, ẹ béèrè ọjọ́ tí ẹ ó padà wá, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà fóònù tí ẹ ó pè bí nǹkan bá yí padà lóru. Bí gẹ̀ẹ́sì àwọn dókítà bá yára jù, ẹ ní kí wọ́n wá ògbufọ̀ fún yín. Ẹ̀tọ́ yín ni, ẹ kò ní sanwó. Ẹ má ṣe fi ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá ṣe ògbufọ̀ àìsàn ara rẹ̀.

Ìtọ́jú ojoojúmọ́

Penicillin ni àkọ́kọ́, láàárọ̀ àti lálẹ́, bí ara ọmọ tilẹ̀ le koko. Ẹ̀yà ara kan wà lábẹ́ egungun ìhà òsì tó máa ń bá kòkòrò àrùn jà. Síkùlù sẹ́ẹ̀lì máa ń bà á jẹ́ láti kékeré. Oògùn yìí ló ń ṣọ́nà dípò rẹ̀. Ẹ lẹ ìwé kan mọ́ ara fíríìjì, kí ẹni tó bá fún ọmọ lóògùn fàmì sí i.

Omi ló kàn. Ẹ jẹ́ kó máa mu ún dáadáa nílé àti ní ilé ìwé, kí ẹ sì sọ fún tíṣà pé kó jẹ́ kó lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ nígbàkígbà. Bí ó bá ń tọ̀ sílé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má nà án, ẹ má sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Kíndìnrín ọmọ SS kì í lè fa omi padà bíi ti ẹlòmíì, ìtọ̀ rẹ̀ máa ń pọ̀. Kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ.

Òtútù náà ń fa ìrora. Ẹ wọ aṣọ tó nípọn fún un, ẹ nu ara rẹ̀ gbẹ kíá bó bá wẹ̀ tán. Bí egungun bá ń dùn ún, oògùn tí dókítà kọ ni kí ẹ lò. Ẹ má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 ní aspirin, àyàfi bí dókítà bá ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

Àmì tí kò gba ìdúró

Bí ara bá gbóná dé 38°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ pe ọsibítù tàbí kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ wọn ara rẹ̀ kí ẹ tó fún un ní paracetamol, ẹ má sì fi oògùn bo ibà mọ́lẹ̀ kí ẹ wá máa retí ilẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ikùn rẹ̀ bá wú lójijì lápá òsì, tí ètè àti àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì funfun. Bí àyà bá ń dùn ún tí kò lè mí dáadáa, bí ẹnu rẹ̀ bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí apá tàbí ẹsẹ̀ kan kò bá lágbára mọ́, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já geere, 999 ni kí ẹ pè.

Ọ̀rọ̀ àwọn ará ilé

Ìfẹ́ ló ń mú kí màmá àgbà fi àgbo ránṣẹ́ láti ilé. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ẹ fi han dókítà kí ẹ tó fún ọmọ mu, torí ó lè bá oògùn rẹ̀ jà. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní àbíkú ni, tàbí pé ìdílé ìyá ló ti wá, ẹ ṣàlàyé fún wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí bàbá àti ìyá bá jẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ lè jẹ́ SS. Àwọn méjèèjì ló gbé e wá, kò sì sí ẹ̀bi lọ́rùn ẹnì kankan.

Ẹ̀yin ọmọ wa

Àìsàn àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n yín kì í ràn. Ẹ lè bá a jẹun, ẹ lè bá a sùn. Bó bá ní ó rẹ òun, ẹ gbà á gbọ́. Ẹ kọ́ àdírẹ́sì ilé yín sórí, kí ẹ lè sọ ọ́ fún ẹni tó bá gbé fóònù ní 999. Ẹ̀yin òbí náà, ọmọ tí ara rẹ̀ le ń wo yín o. Ẹ wá àyè gbọ́ tirẹ̀ pẹ̀lú.

Ìrànlọ́wọ́ wà

Ní 1979 ni Elizabeth Anionwu, nọ́ọ̀sì tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, wà lára àwọn tó dá ibùdó ìmọ̀ràn síkùlù sẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ ní Brent. Lónìí, ọ̀pọ̀ àdúgbò ló ní nọ́ọ̀sì tó ń wá sílé. Ẹ béèrè rẹ̀ ní ọsibítù. Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá owó ìrànwọ́ tí wọ́n ń pè ní Disability Living Allowance tọ́ sí ọmọ yín.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ojú mẹ́rin ní ń bímọ, igba ojú ní ń wò ó. Bí ẹ bá gbọ́ pé ọmọ kan ti ọsibítù dé, ẹ má dúró lórí "ẹ kú ewu" nìkan. Ẹ gbé ọbẹ̀ lọ. Ẹ bá wọn mú àwọn ọmọ yòókù lọ sí ilé ìwé. Ẹ jókòó ti ọmọ fún wákàtí méjì kí ìyá lè sùn. Kí ẹ tó jókòó, ẹ béèrè ibi tí tẹmómítà wà.

Ọlọ́run yóò dá àwọn ọmọ wa sí, a ó sì jẹun ọmọ. Àmín.