Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Fóònù tó ti ń gbó, ṣé ká tún un ṣe ni, ká tà á, àbí ká fi ṣe súwáàpù?

Bátìrì ló sábà máa ń kọ́kọ́ dá fóònù lágara. Apple fúnra rẹ̀ sọ pé lẹ́yìn chájì ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ 500, ìdá 80 nínú 100 ni agbára tó yẹ kó kù nínú bátìrì iPhone 14 àtàwọn tó ṣáájú rẹ̀. Tí tiyín bá ti kéré sí ìdá 80, tí ojú fóònù náà kò fọ́, tí kò sì kó sómi rí, ẹ pààrọ̀ bátìrì, kẹ́ ẹ máa lò ó lọ. Ẹ dúró ti oníṣẹ́ bó ṣe ń tú u ní Ọ̀tìgbá, ọjà fóònù tó wà n'Ìkẹjà, l'Ékòó. Ẹ má fi sílẹ̀ lọ jẹun.

Àmọ́ tómi bá ti dé bọ́ọ̀dù, ẹ tà á, kẹ́ ẹ sì sọ àìsàn rẹ̀ fẹ́ni tó fẹ́ rà á.

Súwáàpù, ìyẹn kẹ́ ẹ fi tiyín gba òmíràn, kẹ́ ẹ sì fowó kún un, yá, ṣùgbọ́n ọlọ́jà yóò jèrè lórí tiyín, yóò tún jèrè lórí èyí tó ń gbé fún yín. Ẹ kọ́kọ́ béèrè iye tó máa fi ra tiyín lówó, kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀ àfikún.

Kẹ́ ẹ tó gbé fóònù yín sílẹ̀, ẹ yọ síìmù, ẹ jáde nínú iCloud tàbí Google, ẹ pa gbogbo ohun tó wà nínú fóònù náà rẹ́. Ẹ tẹ *#06# lórí èyí tẹ́ ẹ gbà, kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà tó bá jáde wé ti ara páálí àti rìsíìtì. Tí wọn ò bá bára mu, ẹ dá a padà lójú ẹsẹ̀.