Ẹ Má Jẹ́ Kí Wọ́n Rọ Gáàsì Kún Sìlíńdà Yín Dẹ́nu

Gáàsì ìdáná ni mò ń tà. Ojoojúmọ́ ni oníbàárà ń bẹ̀ mí pé, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi díẹ̀ kún un." Sìlíńdà kìlógírámù 12.5 tí wọ́n gbé wá, 12.5 náà ni mo máa ń wọ̀n sí i. Ìdí rẹ̀ rèé.

Omi ló pọ̀ jù nínú sìlíńdà. Wọ́n ti fún gáàsì náà pọ̀ títí ó fi di omi. Ẹ mì ín díẹ̀, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára. Òkè omi yìí ni gáàsì gan-an wà. Àwọn ègé rẹ̀ tí ojú ò lè rí kì í sinmi: wọ́n ń sáré, wọ́n ń kọlu irin láti inú. Ìkọlù yẹn ló ń ti gáàsì jáde sínú sítóòfù. Bí ooru bá mú, eré wọn á le sí i, agbára ìkọlù náà á sì ga. Omi rẹ̀ pàápàá máa ń wú. Ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀ lókè. Bí omi bá gba gbogbo àyè tán, tí oòrùn sì ń pa á, irin lè bẹ́.

Bó bá jò ńkọ́? Lítà kan ṣoṣo nínú omi gáàsì yìí lè di nǹkan bíi 250 lítà gáàsì, ó sì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń rọ̀ sí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé sìlíńdà yín nàró síta, lábẹ́ ibòòji. Fófòó ọṣẹ ni kí ẹ fi yẹ ẹnu rẹ̀ wò. Ẹ má ṣe ṣáná sí i láé.