Ọmọ Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Dé: Ta Ni Yóò Fi Ọ̀nà Hàn Án?



Òpópónà tó gba Okokomaiko kọjá lọ sí Badagry kò dúró kó tó dé ibodè Sẹ̀mẹ̀. Ọ̀nà yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ gbà dé ọ̀dọ̀ wa ní Ọ̀jọ́ àti Ìbà, láti Kútọnu, láti Àjàṣẹ́, àní láti Togo. Àwọn mìíràn wá láti Òkè-Ọya, lẹ́yìn tí bàbá kú tí ìyá sì fà wọ́n lé ẹbí lọ́wọ́. À ń san owó ilé ẹ̀kọ́ girama fún àwọn kan nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ fún ara wa: a mọ iye tí a san, a kì í sábà mọ ibi tí ọmọ náà ń gbà lọ bí ilé ẹ̀kọ́ bá ti parí.

Láti ọdún 1991 ni àjọ CDC ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti ń bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama léèrè nípa ìwà tó ń ba ìlera jẹ́. Lára wọn ni ìjà àti ìpalára, sìgá, ọtí àti oògùn olóró, àti ìbálòpọ̀ tó léwu. Ohun kan tí ìwádìí ilẹ̀ náà fi hàn léraléra ni pé ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkèèrè dé kì í sábà mu sìgá tàbí ọtí tó ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀. Bó bá ṣe ń pẹ́ ló ń kọ́ ọ. Àwa a máa sọ pé ọmọ àjòjì ló kó ìwàkíwà wọ̀lú. Ó yẹ kí a tún èrò yẹn ṣe, nítorí ó lè jẹ́ pé àárín wa ló ti bá a.

Báwo ló ṣe ń ṣẹlẹ̀? Ẹ wo ọmọ ọdún 14 tó fi èdè Faransé kàwé ní Àjàṣẹ́. Wọ́n mú un sí kíláàsì àwọn tó kéré sí i nítorí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ń fi ohùn rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni àkọ́kọ́ tó bá pè é ní ọ̀rẹ́ ni yóò bá rìn. Bí ọ̀rẹ́ náà bá fún un ní hóró tramadol kan ní gáréèjì Ìyànà-Ìbà, yóò gbé e mì kí ọ̀rẹ́ má baà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ti ọmọbìnrin, owó ọkọ̀ àti oúnjẹ ni ọkùnrin àgbà fi ń tàn án, tí oyún tàbí kòkòrò HIV fi ń wọlé.

Ìwádìí orílẹ̀-èdè tó jáde ní ọdún 2019 sọ pé nínú àwọn ẹni ọdún 15 sí 64 ní ìpínlẹ̀ Èkó, ìdá 33 nínú 100 ló lo oògùn olóró láàárín ọdún kan. Òun ló ga jù ní Nàìjíríà. Ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de ṣíṣe àti kíkó wọlé omi oògùn ikọ́ tó ní codeine ní ọdún 2018, ṣùgbọ́n òfin nìkan kò lè ṣọ́ ọmọ.

Codeine àti tramadol máa ń dín èémí kù. Bí ọtí bá kún un, èémí lè dá pátápátá. Tramadol àpọ̀jù tún lè fa gìrì. Bí ẹ bá bá ọmọ tó sùn tí kò ṣeé jí, tí èémí rẹ̀ ń falẹ̀, tí ètè rẹ̀ ń ṣú, ẹ jẹ́ kó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ẹ pe 767 tàbí 112, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíá. Ẹ má ṣe da epo tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu, ó lè gba ọ̀nà èémí lọ.

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Nígbà tí Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ṣí lọ sí Mẹdinah ní ọdún 622, ó so àwọn tó ṣí wá pọ̀ mọ́ àwọn onílé, ẹnì kan sí ẹnì kan, bí ọmọ ìyá. Sa‘d ọmọ Rabii‘ fi ìdajì ọrọ̀ rẹ̀ lọ Abdur-Rahmaan ọmọ ‘Awf. Abdur-Rahmaan ṣàdúà fún un, ó ní kí wọ́n kàn fi ọjà han òun.

Súratu Taobah, ayah 60, ka oríṣi ènìyàn mẹ́jọ tí sàká tọ́ sí, tálákà àti aláìní ló sì ṣáájú. Nítorí náà, àìní ọmọ òrukàn ni a ń wò kí a tó fún un ní sàká. Ṣùgbọ́n ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún lónìí kọjá owó. Kí ilé kan gba ọmọ kan mọ́ra fún ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀. Kí ẹ mọ olùkọ́ rẹ̀. Kí ó máa jẹun lọ́dọ̀ yín ní ọjọ́ Jímọ̀. Kí ọmọ yín máa kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Kí ẹ bi í pé, "Ta lẹ jọ ń rìn?", kí ẹ sì dúró gbọ́ èsì. Bó bá sì ti kó sínú oògùn, ẹ má lé e síta. Ẹ mú un lọ bá dókítà.

Kí Ọlọ́hun gbà á ní iṣẹ́ rere lọ́wọ́ gbogbo wa. Aamin.