Ọjọ́ Kan ní Xi'an, Ìlú Àwọn Ọba Àtijọ́ ní Ilẹ̀ Ṣáínà

Ẹ̀yin aya àti ìyá ọ̀dọ́, bí a bá dárúkọ ilẹ̀ Ṣáínà, ohun tí í kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ wa lọ́kàn ni àwo tánganran, fúláàsì àti aṣọ ṣẹ́dà. Bẹ́ẹ̀ ni ìtàn wọn ju ọjà títà lọ, n kò sì mọ ìlú tí a ti lè rí púpọ̀ nínú rẹ̀ láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo bíi Xi'an, tí a ń pè ní Ṣí-án. Chang'an ni orúkọ rẹ̀ láyé àtijọ́, nígbà tí ó jẹ́ olú-ìlú fún ìdílé ọba kan tẹ̀ lé òmíràn. Bí ẹ bá dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kan, tàbí bí ọmọ yín bá bi yín léèrè nípa rẹ̀, mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí ó yẹ kí ojú obìnrin wá níbẹ̀, nítorí àwọn amọ̀nà a máa ròyìn ọba tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kì í ráyè fún ẹlòmíràn.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí odi ìlú ní òwúrọ̀, kí oòrùn tó mú. Ìjọba ìdílé Ming ló mọ ọ́n ní nǹkan bí ọdún 1370 sí 1378. Ó yí àárín ìlú ká ní kìlómítà 14 ó dín díẹ̀, ó ga tó mítà 12, orí rẹ̀ sì fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn àlejò ń háyà kẹ̀kẹ́ láti gùn yí i po. Yàrà wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀, bí ó ti wà lẹ́yìn odi àwọn ìlú wa nígbà ogun. Erùpẹ̀ tí a gún ni inú odi náà. Bíríkì tí ẹ ń rí lóde, ẹ̀yìn ìgbà náà ni a fi bò ó. Ohun tí ó wù mí jù ni pé wọ́n po erùpẹ̀ mọ́ òkúta ẹfun tí a sun níná, wọ́n sì fi omi ìrẹsì kan tí í lẹ̀ mọ́ra bí ẹ̀kọ sí i, kí ó lè ki. Ẹnì kan ló dáná ìrẹsì náà.

Nígbà tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ kọrí sí apá ìlà-oòrùn ìlú, níbi tí Banpo wà. Ọ̀pọ̀ àlejò ni í sáré kọjá ibẹ̀ nítorí pé wọ́n ń kánjú dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ogun alámọ̀. Ẹ má bá wọn kánjú. Ní ọdún 1953 ni a rí abúlé kan lábẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀, tí àwọn ènìyàn gbé ní ohun tó ju ọdún 6,000 sẹ́yìn, ní ọdún 1958 a sì ṣí i fún àwùjọ láti máa wò. Ojú ààrò wà nínú ilé wọn síbẹ̀. Ẹ ó rí àwo pupa tí a ya ẹja àti ojú ènìyàn sí. Ẹ ó rí ìkòkò tí a dá ihò sí ní ìdí, ẹ ó sì dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀: ajere ni! Wọn a gbé e ka orí ìkòkò omi, ooru omi a sì se oúnjẹ inú rẹ̀. Ọkà wẹ́wẹ́ kan tí ó jọ èyí tí àwọn Hausa ń pè ní gero ni wọ́n ń gbìn, wọ́n sì tọ́jú èso ẹ̀fọ́ sínú ìkòkò de ìgbà òjò mìíràn.

Ibi tí ẹsẹ̀ ti wúwo fún mi ni ibi ìsìnkú. Ẹ̀yìn yàrà abúlé ni wọ́n ń sin àwọn àgbà sí. Àwọn ọmọ ọwọ́ kò lọ jìnnà bẹ́ẹ̀. Inú ìkòkò ni a tẹ́ wọn sí, a fi àwo dé e, a sì rì í mọ́lẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ilé. Ní ìdí àwo ìdérí wọ̀nyí, ẹ ó rí ihò kékeré kan. Èrò àwọn onímọ̀ ni pé ọ̀nà ẹ̀mí ọmọ ni, kí ó lè máa jáde kí ó sì máa wọlé. Kò sí ìwé láyé ìgbà náà, nítorí náà kò sí orúkọ ìyá kan tó kù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọmọ ti kú mọ́ lọ́wọ́ rí kò ní kí amọ̀nà túmọ̀ ihò náà fún òun. Ọmọdébìnrin kan tilẹ̀ wà tí wọ́n sin bí àgbà, pẹ̀lú ìkòkò àti ìlẹ̀kẹ̀ tirẹ̀.

Nígbà náà ni kí ẹ wá lọ sí Lintong. Àwọn àgbẹ̀ tó ń gbẹ́ kànga ló bá àwọn ère náà pàdé ní oṣù kẹta ọdún 1974. Ọba Qin Shi Huang, ẹni tó sọ àwọn ìpínlẹ̀ Ṣáínà di ọ̀kan ní ọdún 221 ṣáájú ìbí Jésù, ló ní kí a ṣe wọ́n kí wọ́n máa ṣọ́ òun ní ibojì. A fojú díwọ̀n wọn sí nǹkan bí 8,000. Bí ẹ bá ti rí amọ̀kòkò lẹ́nu iṣẹ́ rí, ọ̀nà tí a gbà mọ wọ́n kò ní ṣàjèjì sí yín: a fi amọ̀ gígùn ká ara wọn lé ara wọn títí àyà fi pé, orí àti ọwọ́ sì wà lọ́tọ̀. Lẹ́yìn tí a sun wọ́n, a kùn wọ́n ní pupa, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ aró, ṣùgbọ́n ọ̀dà náà a máa ká kúrò láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí afẹ́fẹ́ bá kàn án. Ó ju 80 orúkọ oníṣẹ́ ọwọ́ tí a ti rí lára àwọn ère yìí. Ẹ má rò pé ọlá ni a fi bù fún wọn: bí àbùkù bá wà, kí a lè mọ ẹni tí a ó jẹ níyà ni.

Òkìtì tí ọba fúnra rẹ̀ sùn sí wà nítòsí, a kò sì tíì ṣí i. Sima Qian, òǹkọ̀wé ìtàn tó gbé ayé ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ọba náà, kọ ọ́ pé àrólé pàṣẹ kí gbogbo aya ọba tí kò bímọ bá a lọ sí ibojì, àti pé a ti àwọn oníṣẹ́ mọ́ inú rẹ̀ kí àṣírí má bàa tú. Àwa náà mọ ohun tí ń jẹ́ abọ́bakú, nítorí náà n kò ní fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Síbẹ̀ mo ń ronú kan àwọn obìnrin wọ̀nyẹn, tí àìbímọ nìkan sọ di òkú, nígbà tí àwọn àlejò ń ya fọ́tò ẹṣin alámọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ padà sí àárín ìlú, sí àdúgbò àwọn Mùsùlùmí. Mọ́sálásí ńlá ibẹ̀, tí èyí tó pọ̀ nínú ilé rẹ̀ ti wà láti ìgbà ìdílé Ming, kò ní òrùlé rìbìtì bí ti wa. Òrùlé onígun tí etí rẹ̀ tẹ̀ sókè bí ti tẹ́ńpìlì ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n kọ́, ọ̀rọ̀ Lárúbáwá sì wà lára igi gbígbẹ́ rẹ̀. Ní òpópó ìtòsí ni kí ẹ ti jẹun alẹ́. Wọn a gbé abọ́ òfìfo àti búrẹ́dì pẹlẹbẹ líle fún yín, ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ó sì rún un wẹ́wẹ́, kí ó má ju ẹyọ ẹ̀wà lọ, kí omi ẹran lè wọ̀ ọ́. (Ẹ má dán an wò nílé pẹ̀lú búrẹ́dì Agége, yóò di ẹ̀kọ mímu.) Iṣẹ́ sùúrù ni, ìdí nìyẹn tí gbogbo ìdílé fi ń jókòó yí tábìlì ká, ìyá, ọmọ àti ìyá àgbà, tí wọ́n ń rún búrẹ́dì tí wọ́n sì ń tàkúrọ̀sọ. Bí ẹ bá ti ṣe tán, alásè a gba abọ́ náà lọ, a sè é nínú omi ẹran àgùntàn, a sì gbé e padà wá pẹ̀lú ata àti aáyù tí a rẹ.